Ọ̀gá Kuang àti Olú Inú Fọ́tò

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni Kuang Shih-hung fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ìlú Puli, kò sì dé ipò kankan tí ènìyàn lè torí rẹ̀ dìde fún un. Igbákejì olórí ẹ̀ka kékeré ni wọ́n fi ṣe, ibẹ̀ náà ló jókòó sí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìwé lọ́wọ́ ará ìlú, kó wò ó bóyá òǹtẹ̀ rẹ̀ pé, kó sì dá a padà bí kò bá pé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bu iyì rẹ̀ kù: kò sẹ́ni tó mọ ìwé dá padà bíi tirẹ̀. Àgbẹ̀ kan gbé ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá síwájú rẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Ọmọ inú oyún yẹn ti ń gbé báàgì lọ sí ilé ìwé kí Kuang tó gbà pé ìwé ilẹ̀ náà pé.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní ìkòkò tíì kan, wọ́n yà á ní fọ́tò, ọ̀gá àgbà sì ṣi orúkọ rẹ̀ pè nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó padà sílé. Oṣù méjì kò tíì pé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Yi-chun," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti to ìgò inú ilé ìdáná mi lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò mọ èwo ni omi sóyà mọ́, mi ò mọ èwo ni ọtí kíkan."

"Bí ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ ṣe tẹ̀ léra ni mo fi tò wọ́n."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lọ to tàwọn ẹlòmíràn."

Bó ṣe dé Adágún Ìmọ̀ nìyẹn. Ìwé ìmọ̀ ńlá ni Adágún Ìmọ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, kò sì ní òǹkọ̀wé kan pàtó. Ẹni tó bá mọ nǹkan á wọ ibẹ̀, á kọ ọ́. Ẹni tó bá rí àṣìṣe á tún un ṣe. Wọn kì í sanwó fẹ́nikẹ́ni. Nǹkan dáadáa ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ gbà pé bí ojú bá pọ̀ lára ọ̀rọ̀ kan, òótọ́ á yọ. Wọn ò ro ti Kuang mọ́ ọn.

Kuang kò ní ohun kan tó mọ̀ tó fẹ́ kọ síbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń pààrọ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ ọjọ́ oṣù. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ báyìí, á kọ ọ́ bọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe èyí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ó sì fi tún ẹgbẹ̀rún méjìlélógún nǹkan ṣe. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe alámòójútó, wọ́n wo iye yẹn, ẹnu yà wọ́n. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló dìbò, gbogbo wọn ló gbà á. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tó lè pa ojú-ewé rẹ́, tó lè ti ojú-ewé pa, tó sì lè dí ènìyàn lọ́nà kó má lè kọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tí kò ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ rí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n wá fún ní òǹtẹ̀ tó lè lù sí gbogbo ayé lórí. Ó ṣe káàdì pélébé olójú wúrà. Ó kọ ọ́ sí i pé: KUANG SHIH-HUNG, ALÁMÒÓJÚTÓ ÀGBÀ. Kò sí ipò "àgbà" kankan ní Adágún Ìmọ̀. Òun ló fi kún un.

Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn olóòtú, ìyẹn àwọn tó ń kọ nǹkan sí Adágún Ìmọ̀, tó ń gbé agbègbè Puli máa ń pàdé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tíì kan. Kí Kuang tó dé, ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Bó bá ti dé, gbogbo wọn á dìde. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó," ni yóò máa wí, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà lókè tí kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má baà tètè jókòó. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Chiu Wen-pao, oníṣègùn eyín, ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ wà ní lílà.

"Ọ̀gá wa," ni Chiu wí lọ́jọ́ kan, "mo rí àtúnṣe tí ẹ ṣe sí ojú-ewé afárá lánàá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ yọ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, wò ó, ẹlòmíràn ì bá yọ méjì."

Àwọn yòókù mi orí. Kuang bu tíì mu, ó fi ahọ́n yí i ká ẹnu, ó wá dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "kí ni ìmọ̀? Ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn mọ̀. Ẹnikẹ́ni lè mọ nǹkan. Ajá mọ ilé olówó rẹ̀. Ìmọ̀ ni ohun tí a ti wò, tí a sì ti fọwọ́ sí. Ibi tí kò bá ti sí ẹni tó ń fọwọ́ sí nǹkan, ariwo lásán ló wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo dúró."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fang Li-ju nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, torí ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Fang ní ọsibítù ìlú náà. Àwọn ojú-ewé nípa àìsàn ló máa ń kọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, Kuang ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó rí àwọn olú funfun tó yọ lórí koríko, orí wọn tóbi bí àwo ọbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó dojúbolẹ̀ nínú omi, ó ya fọ́tò wọn. Ó lẹ́wà, mi ò ní parọ́: ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìrì wà lára rẹ̀. Ó ní olú ẹran-adìẹ ni, èyí tí gbogbo wa ń fojú ṣọ́nà fún nígbà òjò, tí wọ́n ń tà lọ́wọ̀n-ọ́n lọ́jà, tó máa ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán lẹ́nu bí àyà adìẹ. Ó gbé fọ́tò náà sí orí ojú-ewé olú ẹran-adìẹ ní Adágún Ìmọ̀. Chiu ní kí wọ́n fi í du ẹ̀bùn fọ́tò ọdún. Fọ́tò márùn-ún ló du ẹ̀bùn náà. Kuang ló ya mẹ́rin nínú wọn. Ó gba ipò kìíní pẹ̀lú ìyanu ńlá.

Ní oṣù keje, ọsibítù pe Màmá Tu Yueh-chiao.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Màmá Tu. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, olú nìkan ló sì ń wò. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ olú tí kò yẹ kó jẹ ní gbogbo òkè Nantou, agbègbè tí Puli wà, òun ni àwọn dókítà máa ń pè kó wá wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò. Tọkọtaya arúgbó kan láti orí òkè tí wọ́n ń gbin tíì sí ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà, wọ́n ti bì títí ohùn wọn fi lọ. Màmá Tu gbé olú tó kù, ó yí i padà, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Bàbá, kí ló mú yín jẹ ẹ́?" ó bi ọkọ náà.

"A wò ó lórí fóònù kó tó di pé a jẹ ẹ́," ni bàbá náà dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "A kì í ṣe aláìmọ̀kan. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Bákan náà ni wọ́n rí."

Ó ní kí wọ́n fi fọ́tò náà han òun. Bákan náà ni wọ́n rí lóòótọ́. Olú tó wà nínú ìkòkò gan-an ló wà nínú fọ́tò.

Màmá Tu lọ sílé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó forúkọ sílẹ̀ ní Adágún Ìmọ̀ pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó sì yọ fọ́tò náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, fọ́tò náà ti padà. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́yìn ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, yàrá kan wà tí àwọn olóòtú ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Tu lọ.

"Ẹ káàsán o," ó kọ. "Olú inú fọ́tò yìí kì í ṣe olú ẹran-adìẹ. Olú tí wọ́n ń pè ní agboòrùn aláwọ̀-ewé ni, májèlé ni. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, òrùka wà níbẹ̀; olú ẹran-adìẹ kò ní òrùka. Orí koríko ló ti yọ. Olú ẹran-adìẹ máa ń yọ láti inú ilé ikán ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń wọlẹ̀ jìnnà. Ènìyàn méjì wà ní ọsibítù báyìí nítorí fọ́tò yìí."

Kuang fèsì: "Ẹ káàbọ̀, ẹni tuntun. Kí ni orísun yín?"

"Ìwé mẹ́ta lẹ fi ṣe ẹ̀rí nísàlẹ̀ ojú-ewé yìí. Èmi ni mo kọ èkejì. Ẹ ṣí i sí ojú-ewé kẹrìnléláàádọ́ta."

"Ẹ ti fẹnu ara yín jẹ́wọ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ìwé mi lẹ fi ṣe ẹ̀rí, ẹ wá ní n ò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Ìwé yín la gbà," ni Kuang kọ. "Ẹ̀yin la ò gbà."

"Ọ̀gá Kuang, ṣé ẹ ti ka ìwé náà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èsì yìí, torí ọkùnrin náà kọ ọ́ pẹ̀lú làákàyè rẹ̀ pípé: "Iṣẹ́ alámòójútó kọ́ ni láti ka ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ìwé wà níbẹ̀."

Chiu náà wọlé sí i. "Mo kàn fẹ́ kí gbogbo wa rántí pé fọ́tò yìí gba ẹ̀bùn," ó ní.

"Ọmọ mi," ni Màmá Tu dá a lóhùn, "ẹ̀bùn kì í yọ májèlé kúrò nínú olú."

Fang rí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọ̀gá, èmi ni mo ń tọ́jú tọkọtaya yẹn. Òótọ́ ni Màmá ń sọ. Ẹ jẹ́ ká yọ fọ́tò yẹn ná, ká tó máa jiyàn."

"Ìrírí ara ẹni kì í ṣe ẹ̀rí," ni Kuang fèsì.

Màmá Tu wá kọ gbólóhùn kan tí kò yẹ kó kọ. Ó ní: "Ogójì ọdún ni mo ti ń wo olú. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ohun tí Kuang ń dúró dè nìyẹn. Ó dá a lẹ́jọ́ nínú ìwé olójú-ewé mẹ́fà. Ó ní ó fi ọjọ́ orí halẹ̀ mọ́ àwùjọ. Ó ní ó gbé ìmọ̀ rẹ̀ wọ ibi tí gbogbo ènìyàn ti dọ́gba. Ó ní bí a bá fàyè gba ẹni tó mọ nǹkan kó máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú, kí ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa wá ṣe? Ó dí i lọ́nà fún oṣù mẹ́fà. Chiu kọ ọ́ sábẹ́ ìdájọ́ náà pé òun ka ojú-ewé kẹrin, omi sì bọ́ lójú òun.

Màmá Tu kò bá a jà. Ó fi ọwọ́ kọ ìwé gàdàgbà, ó ya àwòrán olú méjèèjì sí i, ó fi pupa yí òrùka ká, ó lọ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà àti ibùdókọ̀. Àwọn tó rí i ṣọ́ra. Àwọn tí kò gba ọjà kọjá ń wo fóònù.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìròyìn ayọ̀ dé. Àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ fún Kuang ní àmì ẹ̀yẹ Ọmọ Ìlú Onímọ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ fi fún un ní gbọ̀ngàn ìlú, ọjọ́ Sátidé. Chiu dá a lábàá pé kí àwọn olóòtú kọ́kọ́ jẹun pọ̀, kí oúnjẹ náà sì jẹ́ olú inú fọ́tò.

"Ọ̀gá wa," ó ní, "ayé ti fojú jẹ ẹ́. Ó yẹ kí àwa tí a sún mọ́ yín fẹnu jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Kuang lára. Òun fúnra rẹ̀ ló mú agbọ̀n lọ sí pápá ilé ìwé náà láàárọ̀, òun ló já olú, ilé Chiu ni wọ́n ti sè é pẹ̀lú àtalẹ̀ àti ìrẹsì. Ènìyàn mẹ́tàlá ló jókòó yí tábìlì ká. Òórùn rẹ̀ dára. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣíbí, Fang sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Nọ́ọ̀sì Fang, ẹ lọ ka ojú-ewé rẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Fang ti abọ́ tirẹ̀ sápá kan. Ó mú orí olú kan tí wọn ò tíì sè, ó dà á dé sórí ìwé funfun kan bí Màmá Tu ṣe kọ́ ọ ní ọsibítù, ó fi abọ́ bò ó, ó gbé e sínú báàgì rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà. Chiu ní bóyá ó fẹ́ gbé e lọ jẹ nílé.

Oúnjẹ yẹn wá di ìbò. Ẹni tó bá jẹ díẹ̀, ó jọ pé ó ń ṣiyèméjì. Ẹni tó jẹ abọ́ kan ń wo ẹni tó ń bu ìdajì kún un. Olùkọ́ ìṣirò kan tí kì í fi olú kan ẹnu láti kékeré pa ojú dé, ó gbé e mì. Chiu jẹ mẹ́ta. Kuang jẹ méjì, torí ó fẹ́ kí ikùn òun fúyẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ.

Gbọ̀ngàn kún. Olórí ọ̀rọ̀ àṣà fún un ní àwo dígí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó sì pe orúkọ náà dáadáa. Kuang to ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Ewé mọ́kànlá ni.

"Ẹ̀yin ará Puli," ó bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi ara mi pé, ta ni yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn?"

Ó ti dé ewé kẹrin nígbà tí Chiu dìde lójijì ní ìlà iwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ó fẹ́ bu ọlá fún ọ̀rọ̀ náà ni, ni àwọn náà bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Chiu ti gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ó ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu. Olùkọ́ ìṣirò tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé e, wọ́n dì mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fẹ́ yà fún ẹnì kejì. Kuang, tí ojú rẹ̀ wà nínú ìwé, gbọ́ àtẹ́wọ́ tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó," ó ní. Ọwọ́ yẹn wà lókè nígbà tí inú rẹ̀ yí. Ó di tábìlì mú. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó tọ́ sí i: ó ka gbólóhùn yẹn dópin kó tó bì sórí ewé karùn-ún.

Àwọn méjìlá tó jẹ ẹ́ ni wọ́n gbé dé ọsibítù. Bẹ́ẹ̀dì kò tó, wọ́n to àwọn kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ò mọ ibi tó wà fún wákàtí mẹ́rin, ìyàwó rẹ̀ sì ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá Tu wọlé. Kuang rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ń fa omi sí i lára.

"Ta ló jẹ́ kí obìnrin yìí wọlé?" ó bi dókítà. "Mo ti dí i lọ́nà."

"Bàbá, ọsibítù nìyí," ni dókítà wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n wá."

Fang mú ìwé funfun náà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé abọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó gbé orí olú náà kúrò. Àmì yíká kan ti hàn lórí ìwé náà, ó ní àwọ̀ ewé bí ewé tíì tuntun.

"Ohun tí olú ń tú jáde nìyẹn," ni Màmá Tu wí. "Àwọ̀ ti olú ẹran-adìẹ máa ń dà bí èékánná ọmọ ọwọ́. Kò sí olú mìíràn lórí òkè wa tó ń tú àwọ̀ ewé báyìí. Ẹ wò ó, Ọ̀gá Kuang."

Kuang wò ó. "Níbo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde?" ó bèèrè.

"Olú ló tẹ̀ ẹ́, lórí ìwé yìí."

Ó fẹ́ fèsì, inú rẹ̀ tún yí. Màmá Tu ló sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì jù, òun ló gbé abọ́ sí i lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì dì í mú títí ó fi bì tán.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn kan gbé e. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn olóòtú kan ní Puli fi olú inú fọ́tò rẹ̀ pa ara rẹ̀ lára, pé ó jẹ abọ́ méje. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnì kan ti fi í sí ojú-ewé olú náà ní Adágún Ìmọ̀, pẹ̀lú orísun rẹ̀ nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Kuang mú fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pa á rẹ́. Wọ́n dá a padà.

"Abọ́ méjì ni mo jẹ," ó kọ sínú yàrá ọ̀rọ̀. "Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Olóòtú kan láti ìlú Kaohsiung, tí kò rí i rí láyé, fèsì pé: "Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ṣé ẹ ní orísun?"

"Ikùn mi ni orísun."

"Ìrírí ara ẹni kì í ṣe ẹ̀rí, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà sì tún kàn yín."

Ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kejìlá, ó ti ojú-ewé náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án àfi òun. Alámòójútó kò gbọdọ̀ fi agbára rẹ̀ ṣe èyí lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tó kù tí Kuang ò tíì rú nìyẹn. Wọ́n pe ìbò láti gba ipò alámòójútó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgọ́ta ènìyàn ó lé mẹ́rin ló dì í. Ènìyàn méjì péré ló ní kó dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó sì ń kọ ọjọ́ oṣù gẹ́lẹ́ bí Kuang ṣe máa ń kọ ọ́. Chiu dìbò pé kó lọ. "Ó pẹ́ tí àtúnṣe afárá yẹn ti ń kọ mí lóminú," ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú ránṣẹ́ wá gba àwo dígí wọn.

Wọ́n ṣí Màmá Tu sílẹ̀. Ó yọ fọ́tò náà, ó fi ti ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó kọ gbólóhùn méjì nípa òrùka. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀ gbà á, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ó fi bẹ̀ wọ́n. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, yàtọ̀ sí àwọn onípàtẹ́wọ́, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ọsibítù gbà. Àwọn tọkọtaya òkè tíì wà lára wọn; ìyá náà ò tíì lè gun òkè padà lọ sóko.

Fang wá kí Màmá Tu nílé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Màmá Tu ń kọ lẹ́tà.

"Ta lẹ ń kọ ọ́ sí, Màmá?"

"Ìwé ìròyìn yẹn. Abọ́ méje tí wọ́n kọ, irọ́ ni. Abọ́ méjì ló jẹ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, olùkọ́ ìṣirò náà sọ ọ́."

Fang rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Màmá. Méje yẹn tọ́ sí i."

"Bóyá ó tọ́ sí i," ni Màmá Tu wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka méje á rò pé ó dìgbà tó bá pé méje kó tó ṣeni léṣe. Á jẹ ẹyọ kan."

Fang kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bá a wá àpòòwé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá Tu kọ̀wé kí wọ́n tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé ìròyìn náà tẹ àtúnṣe kan jáde lábẹ́ ìpolówó ẹ̀rọ amúlétutù, kò ju ìlà méjì lọ. Màmá Tu mú un lọ sí Adágún Ìmọ̀, ó yọ méje, ó fi méjì sí i, ó kọ orísun rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí i pé Kuang ti kọ̀wé sí òun nínú yàrá ọ̀rọ̀. Wọn ò dí i lọ́nà. Wọ́n kàn gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò kí i. Kò dúpẹ́. Kò bèèrè ìyá tó wà lórí òkè tíì. Ó kàn kọ ọ́ pé: "Nínú àtúnṣe yín, ìlà kejì, kọ́mà kan kò sí níbẹ̀."

Màmá Tu gbé awò sójú, ó wo ìlà kejì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Òótọ́ ni. Ó fi kọ́mà náà sí i.